Ìfilọ̀ Tí Màmá Kò Ṣe

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń bá ẹni tí kò sí níjokòó rojọ́. Mo dúpẹ́ pé orúkọ mi kò di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ní Adó-Èkìtì. Ẹ̀yin ará, ẹ kọ́kọ́ bá mi yìn ín ná, kí n tó sọ ohun tó ṣe.

Ẹ̀rí yìí ti pẹ́ nínú mi. Fóònù ló yọ ọ́ síta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ obìnrin wa, ẹnìkan fi àwòrán ọkùnrin kan ránṣẹ́, ó ní gbọ́mọgbọ́mọ ni, ó ní kí á tètè fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a bá mọ̀. Ìka mi ti wà lórí rẹ̀ tán. Àfi bíi pé mo gbọ́ ohùn Màmá Ajíbádé lẹ́yìn mi: "Ta ló rí i?" Mo gbé fóònù sílẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ Màmá Ajíbádé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, òun ló ń ṣe ìfilọ̀ nínú ìjọ wa nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa nígbà náà. Ìfilọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni fóònù wa. Ohun tí Màmá bá sọ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti dé gbogbo àdúgbò, ẹnikẹ́ni kì í sì í jiyàn rẹ̀. Wọn á ní, "Màmá ló sọ ọ́," ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í rọrùn kí Màmá tó gba ìfilọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Arákùnrin kan ní kí wọ́n bá òun kéde ewúrẹ́ òun tó sọnù. Màmá ní, "O ti wo ẹ̀yìn ilé ìdáná yín?" Ó ní àwọn ti wò ó. Màmá ní, "Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé ìwọ wò ó, àbí wọ́n bá ọ wò ó?" Ó padà lọ wò ó. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ó ti bí ọmọ méjì. A rẹ́rìn-ín títí nígbà náà, n kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ni Ọlọ́run máa fi gbà mí là.

Èmi kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Adó, mo sì ń ta ẹ̀wà ní Ọjà Ọba. Ọlọ́run bù kún ọjà náà. Àwọn ará Ìyìn àti Ìgèdè, àwọn ìlú tí kò jìnnà sí Adó, máa ń wá ra ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọjà ṣàdédé tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà mi ń kí mi láti òkèèrè, wọ́n sì ń kọjá. Obìnrin kan ti ki ọwọ́ bọ ẹ̀wà, ẹnìkan pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù bí ẹni tó tọwọ́ bọ eérú gbígbóná. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ni Ìyá Bọ́sẹ̀, aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sún mọ́ mi.

Ó ní, "Ìyá Túndé, wọ́n ní ẹ̀wà rẹ pa ọmọ ní Ìyìn. Wọ́n ní oògùn kòkòrò lo dà sí i. Dúpẹ́ lorúkọ ọmọ náà."

Ọmọ kan ni láàárọ̀ o. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, wọ́n ti di mẹ́ta. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá wọn ti bá wọn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá ń béèrè pé ìsọ̀ wo ni ìsọ̀ elẹ́wà ará Ọ̀yọ́ yẹn. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Ó ti lọ sílé," bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn àpò ata rẹ̀ ni mo lóṣòó sí. Ó ní kí n palẹ̀ mọ́. Ó ní ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ọkọ̀ ni pé bí ó bá dájú, iná ni wọn yóò fi wẹ ìsọ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo kúnlẹ̀ ti àpò ẹ̀wà. Mo ní, "Olúwa, inú àpò yìí ni mo ti bù fún àwọn ọmọ mi, ìwọ náà rí wa bí a ti ń jẹ ẹ́. N kò ní ẹnu tó lè bá ẹnu ọjà jà. Bá mi wá ẹnu kan." Bí mo ṣe gba àdúrà náà nìyẹn, n kò mọ̀ ọ́n gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wé gèlè, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lásìkò ọrẹ, mo rí díákónì wa kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ nǹkan sí Màmá létí. (Díákónì yìí wà láàyè. Ó ní kí n dárúkọ òun, mo ní rárá.) N kò fọkàn sí i. Orin ni mò ń kọ. Màmá dìde, ó ṣe ìfilọ̀ ìpàdé ìkórè, ó ṣe ti ìgbéyàwó, ó ṣe ti gbígbá àyíká. Lẹ́yìn náà, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó wo gbogbo ìjọ. Ó ní, "Ìfilọ̀ parí." Ó jókòó.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti gbà mí, èmi sì ń kọ orin, n kò mọ̀. Ohun tí díákónì sọ sí i létí ni pé, "Màmá, ẹ kìlọ̀ fún ìjọ kí wọ́n má ra ẹ̀wà ní ìsọ̀ Ìyá Túndé mọ́, ó ti pa ọmọ ní Ìyìn." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó ní ọmọ nílé, ẹ̀rù ló bà á. Ká ní Màmá la ẹnu sọ ọ́ ni, kí àwa tó dé ilé, iná ì bá ti dé ìsọ̀ mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ìyá Túndé, o jẹ nínú ẹ̀wà yẹn?"

"Mo jẹ ẹ́ lánàá, mà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n jẹ, wọ́n tún bù sí i."

"Ó dáa. A ń lọ Ìyìn. Díákónì, ìwọ náà ń bọ̀."

Díákónì ní, "Màmá, n kò tíì jẹun o."

Màmá ní, "Ọmọ tó kú náà kò jẹun. Wọkọ̀."

Màmá ló kọ́ díákónì níléèwé nígbà kan rí, kò lè bá a jiyàn. Mo ní bí àwọn ẹbí òkú bá rí mi ńkọ́? Màmá ní kí n di òun lọ́wọ́ mú.

Nínú ọkọ̀ náà, bàbá kan ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún awakọ̀. Ó ní mẹ́rin ló kú. Màmá yí ojú sí i.

"Ẹ rí wọn, sà?"

"Rárá o, àbúrò ìyàwó mi ló sọ ọ́."

"Òun rí wọn?"

"Ìgèdè ló ti gbọ́."

"Háà, ẹni tó wà ní Ìgèdè yẹn mà ríran o," ni Màmá wí. Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Díákónì kọjú sí fèrèsé, kò sì yí i padà títí a fi dé Ìyìn.

Wọ́n júwe ilé náà fún wa. Ọmọbìnrin kan wà lójúde tó ń ṣa ewébẹ̀. Màmá yí ahọ́n sí ti Èkìtì, ó ní, "Ẹ kú ulé o." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sáré wọlé, ó gbé àga jáde fún wa, ó pe ìyá rẹ̀. Màmá ní a gbọ́ pé wọ́n ṣọ̀fọ̀.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀fọ̀ kẹ̀? Ta ló kú?"

Màmá ní, "Wọ́n ní Dúpẹ́ ni."

Ó ní, "Dúpẹ́ ló gbé àga fún yín yẹn."

Díákónì fò dìde lórí àga bí ẹni tí èèrà ta. Màmá ní, "Jókòó, Díákónì. Òkú ló gbé e fún ọ, má jẹ́ kó dùn ún."

Ẹ̀rín ni mo fi sunkún. Ìyá Dúpẹ́ wá ṣàlàyé. Lóòótọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ̀wà, tí wọ́n sì bì, tí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì ló ní kí wọ́n gbé epo wá kí òun gbóòórùn rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí bàbá wọn fi ń po oògùn kòkó lóko ni wọ́n gba epo náà sí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti jẹ nínú ẹ̀wà kan náà kí wọ́n tó da epo sí i, inú kò run wọ́n. Àwọn ọmọ gba ìtọ́jú, ara wọn yá. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀wà yẹn ṣì kù lọ́jà?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá ṣe ìfilọ̀. Ó ní Dúpẹ́ ọmọ Ìyìn wà láàyè, òun fi ojú òun rí i. Ó ní kí a má fi kẹ́ẹ̀gì oògùn kòkó gba epo. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó jókòó. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n díákónì kò dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọjà kún dáadáa, ó gbé abọ́ wá sí ìsọ̀ mi. Ẹni tí kì í wọ ọjà! Ó ń ná ẹ̀wà bí ẹni pé kò ní lọ sílé mọ́. Ó ń kígbe pé, "Ìyá Túndé, ẹ bá mi rọ́ ọ kún, ẹ̀wà yín yìí ni àwa ń jẹ nílé wa." Gbogbo ọjà ń wò. Kí ó tó kúrò, ènìyàn mẹ́ta ti tò sẹ́yìn rẹ̀.

Màmá ti sùn nínú Olúwa. Mo ronú nípa rẹ̀ pé kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ju pé ó pa ẹnu mọ́, ó sì wọkọ̀. Ìyẹn ni ẹnu tí mo bẹ Ọlọ́run fún.

Ní ti àwòrán inú fóònù yẹn, n kò fi ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, "Ta ló rí i?" Títí di bí mo ti ń kọ èyí, kò tíì sẹ́ni tó dáhùn. Ọkùnrin náà ní ìyá níbì kan.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run. Ìwọ tó ń ka èyí, lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ bá dé ẹnu ènìyàn níbi tí ìwọ kò sí, kí Ọlọ́run fi ẹnìkan síbẹ̀ tí yóò wọkọ̀ lọ sí Ìyìn nítorí rẹ. Àmín.