Ohun Tí Màmá Adéòkè Fi Pa Kọ̀ǹpútà Lára

[Fóònù ń dún. Adéòkè gbé e sí etí, ó yí i padà. Orin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.]

ADÉÒKÈ: Hẹlóò. Ta ló ń pè mí nínú oòrùn Lọ́kọ́jà yìí?

FÌKÁYỌ̀: Màmá, èmi ni, Fìkáyọ̀. Okun o, Màmá. Ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ilé —

ADÉÒKÈ: Okun o, ọmọ ọmọ mi. Ṣé Kàbà dára? Ṣé àwọn ọmọ iléèwé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ṣé o ti jẹun?

FÌKÁYỌ̀: Mo ti jẹun, mà. Break la wà, wọn ò ní pẹ́ lu agogo. Màmá, ṣé ẹ bá mi dé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Làmídì? Ṣé wọ́n rí ràámù tí yóò mú kọ̀ǹpútà mi sáré náà?

ADÉÒKÈ: Mo dé ọjà Kpata kí oòrùn tó ta, mo sì mú Làmídì fúnra rẹ̀ wálé. Ó bi mí pé kí ló dé tí o kò fi ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tò pọ̀. Mo ní o kò fẹ́, pé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ yan gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, kí o wá máa nà án lẹ́gba kó lè sáré ju bí wọ́n ṣe bí i lọ.

FÌKÁYỌ̀: [ó ń rẹ́rìn-ín] Overclock ni wọ́n ń pè é. N kò ní nà án.

ADÉÒKÈ: Ẹni tó bá ní kí ẹlòmíì sáré ju agbára rẹ̀ lọ, pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

FÌKÁYỌ̀: Mo gbọ́ yín, mà. Èwo lẹ wá mú?

ADÉÒKÈ: Ó kọ́kọ́ gbé èyí tó ń tanná yẹ́ríyẹ́rí jáde, pupa, àwọ̀ ewé, bí ìgbà tí Kérésì dé. Ó wọ̀ mí lójú. Ó ní iná lásán ni, eré rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó wá mú dúdú kan tí kò lẹ́wà, ó ní ẹgbàáta ni eré tiyẹn.

FÌKÁYỌ̀: Six thousand. Òun gan-an ni. Méjì ni, àbí? Nínú páálí kan náà?

ADÉÒKÈ: Èmi tí mo tọ́ ìbejì dàgbà lo ń kọ́? Ohun tí a bá rà fún Táyé la ó rà fún Kẹ́hìndé. Inú páálí kan ni wọ́n jọ sùn sí. Làmídì ti fi wọ́n sáyè wọn.

FÌKÁYỌ̀: Thank God.

ADÉÒKÈ: Mo sì gba èènì.

FÌKÁYỌ̀: Èènì bí i ti báwo?

ADÉÒKÈ: Ràámù kẹta. Ìdòwú wọn. Ta ló ń rajà ní Kpata tí kì í gba èènì? Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ń kọrin, títí ó fi tú ọ̀kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí.

FÌKÁYỌ̀: Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má jẹ́ kó ki ìyẹn bọ̀ ọ́. Tí èyí tó lọ́ra bá wà láàrin wọn, bó ṣe ń rìn ni gbogbo wọn á máa rìn.

ADÉÒKÈ: Ohun tí Làmídì wí náà nìyẹn. Ó ní yóò máa fa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ sẹ́yìn. Mo ní ìwà Ìdòwú kúkú ni. Ó wà lórí tábìlì, ó ń wò wá.

[Ìlà ń ha.]

FÌKÁYỌ̀: Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ADÉÒKÈ: Mo gbọ́ ọ. Ìwọ ńkọ́, ṣé o gbọ́ mi? Ọjọ́ Ìsinmi kò gbọdọ̀ yẹ̀ o. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé wọn yóò rí àwòrán tó ń rìn tí o ń fi orin mi ṣe lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, tí òkè Páàtì yóò máa mi orí, tí omi méjèèjì tó pàdé ní Lọ́kọ́jà yóò máa jó. Láti ìgbà tí Deborah àbúrò mi ti kó lọ sí Kàdúná, mi ò rí ẹni gbe orin fún mi mọ́. Mo ń lé e, ògiri ń wò mí. Ẹ̀rọ rẹ ni mo gbójú lé.

FÌKÁYỌ̀: Kò ní yẹ̀, tí system yẹn bá ti lè dìde lónìí. Ti àtijọ́ ni kò lè gbé àwòrán náà. Bọ̀dá Làmídì dà?

ADÉÒKÈ: Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń da epo sí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó ti de fáànù ńlá yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà lórí, ó kù kó fa okùn.

FÌKÁYỌ̀: Good. Wọ́n rí abẹ́rẹ́ tí mo ní kí wọ́n lò? Ó kéré, kò lẹ́nu, nǹkan bí eérú tí a pò ló wà nínú rẹ̀.

[Adìẹ kan ń ké.]

ADÉÒKÈ: Ìwọ lo ni ín?

FÌKÁYỌ̀: Màmá.

ADÉÒKÈ: Mo rò pé abẹ́rẹ́ aláìsàn kan ló ṣèèṣì bá ẹrù wá. Mo so ó mọ́ etí ìró mi kí adìẹ má baà ṣa á. Làmídì wá a títí, ó ní tí òun bá kírun dé òun á tún wá a.

FÌKÁYỌ̀: Wait, wait. Tó bá wà létí ìró yín, kí ló wà láàrin fáànù àti processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà?

ADÉÒKÈ: Làmídì ní ohun tí yóò gba ooru kúrò lára rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èmi sì mọ ohun tí í mú ara ọmọ tutù. Kó tó ti mọ́sálásí dé, mo ti bá a fi —

FÌKÁYỌ̀: Fi kí ni?

ADÉÒKÈ: Òrí. Ògidì òrí àwọn Núpé, kò ní àbùlà. Òun ni mo fi ń pa ìwọ náà lára nígbà tí ara rẹ bá gbóná, o sì dàgbà.

FÌKÁYỌ̀: Á yọ́, Màmá. Nǹkan yẹn máa ń gbóná bí ààrò. Bọ̀dá Làmídì kò rí i?

ADÉÒKÈ: Ó rí i. Ó ní há, Màmá ti bá òun rí oògùn náà, òun dúpẹ́. Mo gba ọpẹ́ mi.

FÌKÁYỌ̀: Ẹ má jẹ́ kó tan án. Tó bá jó, kò sí bí mo ṣe lè rí òmíràn kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ —

[Jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó kú. Ó tún húkọ́.]

ADÉÒKÈ: Làmídì! Ju okùn yẹn sílẹ̀.

[Fóònù bọ́ sórí tábìlì. Bàtà ń wọ́ nílẹ̀. Ohùn ọkùnrin lókèèrè: "Òrí, Màmá?" Irin ń dún mọ́ irin.]

FÌKÁYỌ̀: Hello? Màmá? Hello?

ADÉÒKÈ: Rọra, mo wà níbí. Ó ti tú fáànù náà, òrí ṣì jókòó jẹ́jẹ́. Ó ń fi sípíríìtì nù ún. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun kò tíì rí èyí tó ń rùn bí ọmọ tuntun. Mo ti tú abẹ́rẹ́ fún un.

FÌKÁYỌ̀: Kó má pọ̀ o. Bí ẹyọ ẹ̀wà kan.

ADÉÒKÈ: Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Ó ti dè é padà. Ó ti ń lọ sídìí jẹnẹrétọ̀. Gbàdúrà.

[Jẹnẹrétọ̀ gbiná, ó dúró lórí ohùn kan.]

FÌKÁYỌ̀: Kí lẹ rí?

ADÉÒKÈ: Fáànù ń yí. Ojú rẹ̀ là. Làmídì ń tẹ̀ ẹ́... Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹgbàáta pé, àti pé ara rẹ̀ kò gbóná.

FÌKÁYỌ̀: [ó mí kanlẹ̀] Ẹ ní kí wọ́n tẹ orin yín tó wà nínú rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá á gbé e.

[Ohùn obìnrin dìde láti inú ẹ̀rọ: "Òkè Páàtì, kí lo rí lókè?"]

ADÉÒKÈ: Ta nìyẹn?

FÌKÁYỌ̀: Ẹ̀yin ni.

ADÉÒKÈ: Ẹnu mi padé. Obìnrin wo ló ń gba orin mọ́ mi lẹ́nu nínú ilé mi?

FÌKÁYỌ̀: Ẹ̀yin ni, Màmá. Fóònù mi ni mo fi gbà á sílẹ̀ nígbà Ìkórè.

ADÉÒKÈ: Ó mà lóhùn o. Kò sì rí ẹni gbè é fún un, bíi tèmi náà.

[Ẹ̀rọ: "Òkè Páàtì, kí lo rí lókè?"]

ADÉÒKÈ: [ó gbè é] Mo rí omi méjì tí wọ́n ń fẹ́ra wọn.

[Agogo iléèwé ń dún.]

FÌKÁYỌ̀: Màmá, wọ́n ti lu agogo. Ìdòwú ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi — ṣé ẹ gbọ́ mi?

ADÉÒKÈ: Ìdòwú ti wà létí ìró mi. Dákẹ́ ná, ó tún ti ń lé e —

[Ohùn méjì tí í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo ń kọrin. Ìlà já.]