Láṣebìkan tó Gba Ẹ̀yìn Wọ Ìwé

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni ṣì ni mọ́tò ẹni, Láṣebìkan, baba ńlá wa, gba àlejò kan sílé. Júù ni, Módékáì ni wọ́n ń pè é. Ibà ló dá a dúró lọ́nà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó rí i bí Láṣebìkan ti ń yọjú wo ìwé Òfin tí òun ń kà ṣáá. Ó kọ́ ọ ní lẹ́tà èdè wọn, méjìlélógún, ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ máa kà á. Bí mo bá padà dé, n ó kọ́ yín ní ìtumọ̀ rẹ̀." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, wàhálà dé! Láṣebìkan ṣí ìwé bí ó ti rí àwọn oníwàásù tí ń ṣí tiwọn. Ó kà á, kò yé e. Ó gbé e lọ oko, kò yé e. Ó gbé e bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ tún wá dojú rú pátápátá. Ọdún mọ́kànlá! Ṣebí wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Baba wa ò rẹ́ni bi ni.

Ẹfúnyẹmí ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń kàwé ni àbí ìwé ló ń kà yín?"

Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí n má lọ kú láìgbọ́ ohun tí Ọlọ́run bá àwọn èèyàn yẹn sọ."

Irun rẹ̀ ti funfun kí Módékáì tó padà dé. Láṣebìkan gbé ìwé, ó kà. Àlejò lanu sílẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ìparí rẹ̀ nìyẹn! Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń ka tiwa."

Láṣebìkan bú sẹ́kún. Ọdún mọ́kànlá! Ẹfúnyẹmí ní, "Ẹ nujú yín. Ìgbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀."

Módékáì ní, "Òótọ́ ni. Nílé wa, ọjọ́ tí a bá ka ìparí ìwé yìí náà la ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin sáà ti ka ìparí." Ó yí ìwé náà, ó ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: "Bẹrẹṣíìtì."

"Mo gbọ́. Ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá o, ìwé ni mò ń kà."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ní ìbẹ̀rẹ̀."

"Ohun tí mo sọ náà kọ́ nìyẹn?"

Wọ́n ń wo ara wọn, kò yé èyí, kò yé tọ̀hún. Ẹ̀rín ló gbà wọ́n.

Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀. Ojúewé mẹ́tàdínlógún ló kà kó tó kú. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ pé "ó tán" nílé wa. Bí a bá sin òkú, tí a gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ dànù, "Bẹrẹṣíìtì" là ń wí, a ó sì wálé wá ṣíwèé. Ọjọ́ tí ẹ bá sin èmi náà, ẹni tó bá ní ó tán, mo ń bọ̀ wá gbá a létí.

Ìwé náà rèé. Ojúewé kẹta ni mo wà látàárọ̀, kò yé mi. Ta ni yóò bá mi wò ó? Ìwọ? Ó dáa, ṣí i. Rárá o, ọwọ́ ọ̀tún!