Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Bọ́lá Mọ́, Kókó sì Wà Lábẹ́ Abíyá

Ògo! Ẹ̀yin ará Erunmu, ẹ bá mi pariwo ẹ̀: Ògo! Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ló jókòó láàrin àwọn ìyá yẹn. Ó ń mí. Olúwa, mo dúpẹ́ o!

Ẹ ó rántí ẹ̀rí tí mo jẹ́ nínú ìjọ yìí nígbà ìkórè èṣí. Mo wá tún un ṣe ni.

Jẹjẹrẹ mú un lọ́mú, wọ́n sì gé e nílé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá àìsàn ọ̀hún ń padà bọ̀. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́." Ẹ̀jẹ̀ mọ́! Etí aládùúrà ni mo fi gbọ́ ọ. Mo sáré wá síwájú pẹpẹ yìí. Mo ní garawa kan ni wọ́n fà, mo ní dókítà òyìnbó rí ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ẹ jó títí eruku fi sọ lálá. Irọ́ ni! Ìgò tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí kò ju ìka mi yìí lọ, òyìnbó kò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pé oṣù kan, kókó yọ lábẹ́ abíyá rẹ̀. Kò sọ. Ìborùn ló fi ń bò ó. Ìgbà tí apá wú, tí kò lè gbé agbọ̀n kòkó mọ́, ni mo tó rí i.

"Èé ṣe tí o ò sọ?"

"Bàbá Bọ́lá, ẹ ti jẹ́rìí. Ṣé kí n sọ yín di òpùrọ́ lójú ìjọ ni?"

"Ta ni kò mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí ní Erunmu?"

Ó rẹ́rìn-ín. Olúwa, ẹ̀rín yẹn dùn mí dé egungun.

Dókítà tẹ abíyá náà, ó fi èdè òyìnbó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ fún wa: "Wọ́n ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń sọ díẹ̀ nípa ẹ̀dọ̀ àti eegun. Ẹ̀jẹ̀ lè mọ́, kí kókó ṣì wà. Ọjọ́ tí ọwọ́ yín bà á ló yẹ kẹ́ ẹ ti wá."

"Kí wá ni ìwúlò àyẹ̀wò náà?"

"Òun náà ló sọ lónìí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀, ká kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára ká tó gé e."

Wọ́n gé e. Mo ní, "Ṣé ó tán?"

"Bàbá, a ò mọ̀."

Olúwa, mo dúpẹ́ náà. Mo dúpẹ́ o!

Ìwọ tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ́, dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá yọ, wí! Má tìtorí ẹ̀rí ẹnikẹ́ni dákẹ́.

Lánàá, Ìyá Bọ́lá pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ̀yìn ń dùn mí, bíi pé inú eegun ni." Ọ̀la la ó lọ. Mi ò mọ ohun tí wọn ó bá níbẹ̀. Ẹ̀rí mi nìyẹn, ẹ̀yin ará: ó sọ fún mi. Ògo.