Orúkọ Ogójì Ọmọ Tí Mo Gbé Síta

Ẹ̀yin ará agboolé ìbéèrè, ẹ̀yin tí a kò fojú kan ara wa rí, síbẹ̀ tí a jọ fi ọdún gbọọrọ ran ara wa lọ́wọ́ lórí ìṣirò àti kọ̀ǹpútà, mo ka ìkéde yín. Ẹ ní ìparí oṣù yìí ni ojúlé wa orí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò tì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti bá ara wa sọ yóò sì pa rẹ́. Ó yẹ kí n jó. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbàdúrà pé kí ìbéèrè kan tí mo kọ síbẹ̀ pòórá. Ṣùgbọ́n ẹkún ni mo bú sí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún. Òtítọ́ kò tilẹ̀ tíì lé mi bá; sísá ló sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ibi tí mo ti ṣẹ̀ ṣì wà.

Abẹ́rẹ́ ni ẹ mọ̀ mí sí. Akọ̀wé ìṣirò ni mo jẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Yàrá wa wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tábìlì mẹ́ta, kọ̀ǹpútà méjì, fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn. Iṣẹ́ wa ni láti ka àwọn ọmọ tí àìsàn èémí ń gbé wá, kí a fi ìṣirò mọ̀ bóyá oògùn tuntun sàn fún wọn ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà mí, wọ́n bi mí bóyá mo mọ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ rí i, irọ́ kékeré ló máa ń lọ gba àyè sílẹ̀ de ńlá. Bí mo bá kọ àṣẹ, lẹ́tà pupa ni kọ̀ǹpútà fi ń dá mi lóhùn, bí ẹni tí mo jí lójú oorun.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Kò ṣiṣẹ́ o, ẹ gbà mí." Ọ̀gá Ìlà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà agboolé wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Ìyá mi, ẹni tó lọ bá dókítà kì í sọ pé ara òun ò yá, kó wá dákẹ́. Kí lẹ kọ? Kí ni kọ̀ǹpútà fèsì? Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kékeré tí àwa náà lè dán wò." Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wo àṣẹ tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin bá jà, ó ní kọ́mà kan péré ni mo gbàgbé. "Kọ́mà ò ju ìdun lọ, Ìyá mi, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kéèyàn sùn." Òun náà ló kọ́ mi ní ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi. Ó ní, "Ọmọ kan tó wá sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í ṣe ọmọ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un."

Háà, àárọ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn! Kí n tó bọ́ báàgì léjìká ni mo ti ń wò bóyá ẹ ti dáhùn. Òórùn ọṣẹ á gba ojú fèrèsé wọlé láti ara aṣọ tí wọ́n sá. Èmi á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà bí ọmọge tó gba lẹ́tà. Ẹnìkan nínú yín á ní òun ń lọ sin ọmọ òun níyàwó, síbẹ̀ òun fẹ́ kọ́kọ́ wo ìṣòro Abẹ́rẹ́ kí òun tó wọṣọ. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ẹ kàn ń fún mi ni.

Èmi kò sì sọ̀rọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni. Akẹgbẹ́ mi kan wà tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí ó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn. Ọdún márùn-ún ni mo fi jù ú lọ. Bí mo bá yanjú iṣẹ́ kan, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irú orí wo lẹ gbé wáyé?" Èmi á mi orí náà. Ẹ̀yin lẹ ń ronú, èmi ni mò ń gba oríyìn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, dókítà àgbà fẹ́ gba èsì lọ sí ìpàdé ní ọ̀sán. Kọ̀ǹpútà mi kú. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ lọ jẹun, mo jókòó sídìí tirẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, mo kọ̀wé sí yín. Ó yẹ kí n ṣe àpẹẹrẹ kékeré, kí n fi orúkọ àròsọ sí i. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀lẹ àti ìkánjú ò jẹ́. Mo kó ogójì ìlà láti inú fáìlì gidi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbéèrè mi: orúkọ ọmọ, àìsàn rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá Ìlà fi kọ̀wé sí èmi nìkan. "Ìyá mi, ṣé èèyàn gidi làwọn wọ̀nyí? Ẹ sọ fún àwọn alábòójútó ojúlé wa kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá. Àtúnṣe àṣẹ yín nìyí nísàlẹ̀." Ẹ wo ọmọlúàbí, ó ń bá mi wí, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́. Mo mú àtúnṣe náà, mo sáré lọ tẹ èsì. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ àwọn alábòójútó, wọ́n sì yọ orúkọ náà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n omi ti dànù kí wọ́n tó yọ ọ́. Bàbá ọmọ kan ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí ìdíje àwòrán tí ọmọ náà ṣe nílé ìwé rẹ̀; àìsàn rẹ̀ ló bá pàdé níbẹ̀. Àwọn òbí kan nílé ìwé náà ti rí i, wọ́n sì ní kí ọmọ àwọn má jókòó tì í mọ́. Bàbá tẹ ojú ìwé náà jáde, ó gbé e wá bá dókítà àgbà.

Wọ́n kó wa sí yàrá ìpàdé. Dókítà gbé ìwé náà sókè. "Ta ló ń jẹ́ Abẹ́rẹ́ nínú yín?" Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ti ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n fi kọ ọ́. Dókítà yíjú sí mi, nítorí èmi ni àgbà. "Ta ló ń lo kọ̀ǹpútà yẹn?" Òtítọ́ gbóná lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Jẹ́jẹ́ ni, sà." Kì í kúkú ṣe irọ́, àbí? Ohun tí mo fi ń tan ara mi jẹ nìyẹn. Jẹ́jẹ́ gba ìwé náà, ó kà á, ó gbójú sókè. Èmi ló wò, kì í ṣe dókítà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi." Mo wo bàtà mi. Mo ní, "Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni, sà." Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti lé e.

Ilé ìwòsàn kọ̀wé sí yín pé kí ẹ sọ ẹni tó ni Abẹ́rẹ́. Ẹ fèsì pé ẹ kì í tú àṣírí ọmọ ilé. Òfin rere yín ni mo sá wọ̀ bí eku tó rí ihò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ọ̀gá Ìlà kọ̀wé: "Ìyá mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni fara gbá nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn?" Mo dáhùn, "Rárá o, bàbá. Gbogbo ẹ̀ ti rọlẹ̀." Ó ní, "A dúpẹ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí iṣẹ́." Nínú gbogbo irọ́ mi, ìyẹn ló wúwo jù, nítorí ẹni tó bi mí fẹ́ràn mi. Nígbà tó kú, tí gbogbo yín ń ṣèdárò, ìlà méjì ni mo kọ. Ẹ̀kẹta kọ̀, kò jáde.

Lẹ́yìn tí mo ka ìkéde yín, mo wá Jẹ́jẹ́ lọ. Kò sí ọ́fíìsì tó gbà á mọ́ látọjọ́ náà. Gíláàsì ojú ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo jẹ́wọ́ lórí ìdúró, nítorí n kò lójú láti jókòó.

Ó ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́. Mi ò tíì kà dé ìlà kejì ìwé yẹn tí mo fi gbọ́ ohùn yín nínú ẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín ni. Nígbà tí wọ́n lé mi, mo dúró lẹ́nu géètì títí wọ́n fi ṣíwọ́. Mo ní ẹ máa jáde wá pè mí padà."

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni mo gbà jáde lọ́jọ́ náà.

Ó tún ní, "Ìyá mi ò gbà mí gbọ́ títí tó fi kú. Ó ní ilé ìwòsàn ńlá bẹ́ẹ̀ ò lè ṣèṣì lé èèyàn."

Mo ti jẹ́wọ́ fún ilé ìwòsàn. Dókítà àgbà tó wà níbẹ̀ báyìí kọ ìwé tó wẹ Jẹ́jẹ́ mọ́, èmi ni mo sì gbé e lọ fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú àpò gíláàsì kan tó ṣófo. Ó wá na ọwọ́ sí mi. "Ẹ mú gíláàsì yín wá. Ó ti wọ́." Ó tọ́ ọ, ó nù ún, ó fi wọ̀ mí lójú. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. N kò sì lójú láti béèrè.

Ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀, ẹ̀yin ará ilé, àti bàbá ọmọ náà níbikíbi tó bá wà: ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, níbikíbi tí ẹ bá tún kó agboolé yín sí, ẹ má tijú láti béèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ dárúkọ ẹni tó bá ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀, ẹ tètè sọ, nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì dúró lẹ́nu géètì.