Hóònù Lọ́rì Tó Dún Lójú Ọ̀run

[Ìpè kan ṣoṣo, ọ̀sán gangan. AWAKỌ̀ wà nínú lọ́rì ẹ̀ àtijọ́. YÌNYÍN ni àbúrò ẹ̀, tó ń tún AC ọkọ̀ ṣe. MÀMÁ ni ìyá tó bí àwọn méjèèjì.]

[Fóònù dún, dún, dún. Wọ́n gbé e.]

YÌNYÍN: [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìrìn. Ẹ má bínú, ẹ yára sọ ọ́. Òkè ni mo wà.

AWAKỌ̀: Òkè ibo?

YÌNYÍN: Ojú ọ̀run. AC ọkọ̀ òfuurufú kan ló dákú láàárín ìrìn, wọ́n ní kò sẹ́lòmíì láyé tó lè tún un ṣe àfi Yìnyín. Ìyẹ́ ẹ̀ ni mo so ara mi mọ́ báyìí. Ọwọ́ kan ni mo fi ń tú nọ́ọ̀tì, ọwọ́ kejì ni mo fi di fóònù mú.

AWAKỌ̀: Yìnyín.

YÌNYÍN: Àwọsánmà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá mi létí nìyẹn.

AWAKỌ̀: Yìnyín, AC ti kú.

YÌNYÍN: AC èwo?

AWAKỌ̀: Ti lọ́rì mi tó o tún ṣe lánàá. Tó o ní — ṣé o gbọ́ mi? — tó o ní tí mo bá tàn án, àwa fúnra wa la máa bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.

YÌNYÍN: Ó ṣe lè kú? AC tí mo bá fọwọ́ kàn kì í kú. Èyí tí mo tún ṣe fún tíṣà kan lóṣù tó kọjá, ó gbàgbé ọbẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tó máa fi dìrọ̀lẹ́, ayùn ló fi gé e jẹ.

AWAKỌ̀: Màámi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

[Ìró ẹ́ńjìnnì.]

YÌNYÍN: Ọsibítù ti ní kí wọ́n máa lọ sílé?

AWAKỌ̀: Láàárọ̀ yìí. Ẹlòmíì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Dókítà ní àyà wọn ò tíì yá dáadáa, ooru ò gbọdọ̀ mú wọn, eruku ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rọ èémí tí wọ́n yá wa sì wà nílé, wákàtí mẹ́rin síbí. Ọ̀nà yẹn, o mọ̀ ọ́n, wọ́n ti hú gbogbo ọ̀dà ẹ̀. Tí mo bá ṣí fèrèsé, eruku. Tí mo bá tì í, ààrò. Ṣé o gbọ́ mi?

YÌNYÍN: Mo gbọ́ yín.

AWAKỌ̀: Wọ́n ti fa inhélà ẹ̀ẹ̀mejì.

YÌNYÍN: Ẹ̀ẹ̀mejì?

MÀMÁ: Ṣé Yìnyín nìyẹn?

AWAKỌ̀: Òun ni, Màámi. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ fi èémí yín pa mọ́.

YÌNYÍN: Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìyẹ́.

AWAKỌ̀: Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ la wà. Àgádágodo ló wà lára ilẹ̀kùn. Igi kan ò sí ládùúgbò yìí tí mo lè páàkì sábẹ́ ẹ̀.

YÌNYÍN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti pè mí kẹ́ ẹ tó wá. Ìlú mẹ́ta ló wà láàárín wa. Mẹ́ta àbọ̀.

AWAKỌ̀: Kí ló dé tó o fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jalè?

YÌNYÍN: Àwọn èrò ọkọ̀ ti sùn lọ.

AWAKỌ̀: Kí ló ń dún bí ẹ́ńjìnnì lọ́dọ̀ ẹ?

YÌNYÍN: Kí lẹ fẹ́ kó máa dún lára ọkọ̀ òfuurufú, agogo? Ẹ jẹ́ ká dojú kọ iṣẹ́. Ṣé ó kú pátápátá ni, àbí ó ń lọ ó ń bọ̀?

AWAKỌ̀: Ó ń lọ ó ń bọ̀, bí àlejò tí ò fẹ́ jókòó. Láàárọ̀, ó tutù débi pé Màámi ní kí n dín in kù. Ogún ìṣẹ́jú péré, atẹ́gùn ṣì ń fẹ́, àmọ́ ooru ló ń fẹ́ jáde. Mo wá dúró, mo pa ọkọ̀ fún bíi wákàtí kan—

YÌNYÍN: Ó padà tutù.

AWAKỌ̀: Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Báwo lo ṣe mọ̀?

YÌNYÍN: Ọpọlọ ni. Bóyá gáàsì ló ti jò tán.

AWAKỌ̀: Gáàsì tó jò tán, ṣé ó máa ń padà wálé tó bá sinmi?

YÌNYÍN: Ó lè— rárá. Kì í padà. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

[Bónẹ́ẹ̀tì ké.]

YÌNYÍN: Ẹ wo kọ̀mpùrẹ́sọ̀, èyí tí bẹ́líìtì ń yí. Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ o, bẹ́líìtì ò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Àwo irin tó wà níwájú ẹ̀, ṣé ó ń yí?

AWAKỌ̀: Wíìlì ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń yí. Àwo dúró bí ẹni tí wọ́n fi sí ìjókòó.

YÌNYÍN: Iná ò dé bẹ̀ nìyẹn. Rílè tó ń fún un níná ni, trust me. Nínú àpótí fíúsì, rílè AC àti rílè hóònù jọra bí ìbejì. Ẹ pààrọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ pé ti AC ló ti kú, hóònù ò ní dún mọ́.

[Ìró pálásítíìkì. Ìṣẹ́jú kan kọjá. MÀMÁ húkọ́.]

AWAKỌ̀: Mo ti pààrọ̀ wọn. Àwo ò mira. Ṣé o gbọ́ mi? Network yìí—

YÌNYÍN: Mo gbọ́ yín ketekete. Ẹ tẹ hóònù wò.

[Hóònù dún pooo nínú lọ́rì. Ó dún pooo lọ́dọ̀ YÌNYÍN pẹ̀lú.]

AWAKỌ̀: Kí nìyẹn?

YÌNYÍN: Kí ni kí ni?

AWAKỌ̀: Mo gbọ́ hóònù lọ́dọ̀ ẹ.

YÌNYÍN: Ẹyẹ kan ló dí wa lọ́nà. Páílọ́ọ̀tì tẹ hóònù fún un.

AWAKỌ̀: Ọkọ̀ òfuurufú ní hóònù?

YÌNYÍN: Ọkọ̀ ńlá ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ní hóònù, ó ní bíréèkì ọwọ́, wọ́n tiẹ̀ kọ "Má sún mọ́ mi" sí i nídìí.

[MÀMÁ húkọ́, ó pẹ́.]

AWAKỌ̀: Màámi? Ẹ fara balẹ̀. Ẹ mí jẹ́jẹ́. Yìnyín, àwọ̀ ètè wọn ti ń yí padà. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ètè wọn—

YÌNYÍN: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n jókòó gangan. Ẹ fi aṣọ tútù sí wọn lọ́rùn.

AWAKỌ̀: Omi wo ni mo ní tí ò tíì gbóná?

MÀMÁ: Gbé fóònù yẹn wá.

AWAKỌ̀: Màámi, dókítà ní—

MÀMÁ: Dókítà kọ́ ló bí i. Gbé e wá.

[MÀMÁ tẹ hóònù: po, po, po. Lọ́dọ̀ YÌNYÍN: po, po, po.]

MÀMÁ: Yìnyín.

YÌNYÍN: Màámi, ẹ káàsán mà. Ẹ kú ewu. Ara ńkọ́ mà?

MÀMÁ: Ẹyẹ mẹ́ta nìyẹn?

YÌNYÍN: Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ni, mà.

MÀMÁ: Láti kékeré, tó o bá ti ṣe ohun tí ò dáa, ibi tó sún mọ́ mi jù lo máa ń sá pa mọ́ sí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. [Ó mí.] Inú àpótí aṣọ mi. [Ó mí.] Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wo lo wà báyìí?



YÌNYÍN: Ti ṣọ́ọ̀bù, mà.

AWAKỌ̀: Ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú mi yìí? Tó ní àgádágodo—

YÌNYÍN: Fèrèsé ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé. Mo rí lọ́rì yín látòkèèrè.

AWAKỌ̀: Jáde. Jáde síbí báyìí, kí n—

YÌNYÍN: Mi ò lè jáde, ẹ̀gbọ́n. Mo yọjú látinú ihò ilẹ̀kùn, mo rí bí èjìká wọn ṣe ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó rí èémí kan mí. Mi ò lè jáde kí wọ́n máa wò mí lójú.

AWAKỌ̀: Kí lo ṣe sí AC yìí?

YÌNYÍN: Rílè ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

AWAKỌ̀: Mo ti mọ̀yẹn.

YÌNYÍN: Wáṣà ni. Wáṣà, òrùka irin fẹ́lẹ́ kan, máa ń wà lẹ́yìn àwo yẹn, kí àlàfo tó wà láàárín òun àti mágínẹ́ẹ̀tì má ju èékánná lọ. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi lánàá. Mo wá ilẹ̀ títí, mi ò rí i. Mo wá gé òmíì látara ìdérí agolo mílíìkì, temporary ni mo pè é. Ó nípọn jù. Tí ọkọ̀ bá tutù, mágínẹ́ẹ̀tì á rí àwo fà mọ́ra. Tó bá ti gbóná, agbára ẹ̀ á dín kù, á wulẹ̀ máa wò ó lókèèrè ni.

AWAKỌ̀: O sì ní kí n máa yọ rílè kiri nínú oòrùn.

YÌNYÍN: Mo ti sọ níwájú nọ́ọ̀sì mẹ́ta pé kóòtù òtútù ni Màámi máa wọ̀ nínú lọ́rì yìí. Láàárọ̀ ni mo rí wáṣà ọ̀hún, inú bàtà mi ló kó sí. Mo gbé fóònù kí n pè yín. Ẹnu mi ò gbà á.

AWAKỌ̀: Ẹnu tó gba ọkọ̀ òfuurufú—

MÀMÁ: Ẹ fìjà sílẹ̀. Èémí mi ò tó èyí tẹ́ ẹ máa fi jà. Kí ni ká ṣe?

YÌNYÍN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn.

[Irin ń họ sìmẹ́ńtì.]

AWAKỌ̀: Sípánà. Súkúrù-dírẹ́fà. Wáṣà rèé, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

YÌNYÍN: Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Nọ́ọ̀tì àárín àwo, sípánà nọ́mbà mẹ́wàá yẹn ni. Ẹ fi súkúrù-dírẹ́fà di àwo mú kó má bàa yí.

[Ẹ́ńjìnnì kú. Ìró sípánà.]

AWAKỌ̀: Kò gbà. Ṣé o gbọ́ mi? Ọwọ́ mi ti ń jó, kò—

YÌNYÍN: Ẹ fi àkísà di ọwọ́. Ẹ gbá ìdí sípánà, ẹ̀ẹ̀kan péré.

[Ìró irin: kọ̀.]

AWAKỌ̀: Ó gbà.

YÌNYÍN: Ẹ fa àwo jáde jẹ́jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan já bọ́ o, olè ni ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn.

AWAKỌ̀: Mo rí i. Yìnyín, orí màlúù ló wà lára ẹ̀. O fi màlúù sínú AC mi.

YÌNYÍN: Ààbọ̀ màlúù ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò ẹ̀. Ẹ dá àwo padà, ẹ dì í le. Màámi ńkọ́?

AWAKỌ̀: Wọ́n dijú. Wọ́n ń ka nǹkan lẹ́nu.

YÌNYÍN: Ẹ yára.

[Sípánà. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó gbà. Lẹ́yìn náà: kà.]

YÌNYÍN: Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ "kà" yẹn látinú ilé. Ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, mágínẹ́ẹ̀tì sì mú àwo. Tó bá mú un nínú ooru yìí, kò ní fi í sílẹ̀ mọ́. Màámi? Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Dúró ná.

[Ìró atẹ́gùn nìkan.]

YÌNYÍN: Màámi, ẹ jọ̀ọ́.

MÀMÁ: Ó ń bọ̀. [Ó mí.] Ó ti kan ọrùn mi. [Ó mí.] Ó tutù.

[Ẹnì kan fa imú lọ́dọ̀ YÌNYÍN.]

AWAKỌ̀: Ẹ di fóònù mú, Màámi. Ilẹ̀kùn yín rèé, mo ti tì í. Mo fẹ́ rìn dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù díẹ̀.

YÌNYÍN: Ẹ̀yìn ibo? Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n, páílọ́ọ̀tì ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra.

MÀMÁ: O ní ó ti wà lókè tẹ́lẹ̀.

YÌNYÍN: Ó bà kó mumi ni, mà. Ẹ máa rìn re o. Ẹ má ṣí fèrèsé o. Tẹ́ ẹ bá délé, kí wọ́n tètè tan ẹ̀rọ yẹn—

[Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí. Agolo wó lulẹ̀. Ẹsẹ̀ ń sáré.]

AWAKỌ̀: [lókèèrè] Yìnyín. Dúró níbẹ̀ yẹn.

MÀMÁ: Jẹ́ kó máa lọ. Kò tiẹ̀ wọ bàtà. [Ó mí gùn, láìhúkọ́.] Wo bó ṣe ń sáré lọ. Èémí tiẹ̀ dáa. Yìnyín, ṣé o gbọ́ mi?

YÌNYÍN: [ó ń mí hẹlẹhẹlẹ] Mo gbọ́ yín, mà. Mo ti kọjá àwọsánmà àkọ́—

[Ìpè já.]