Àna Mi Ń Dúró De Ẹ́ńjìnì Tí Kò Sí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, bàbá ìyàwó mi, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ẹja kiri odò Okrika, lẹ́bàá Port Harcourt, èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì ti wú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ ra ẹ́ńjìnì fún un, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní èyí tí èmi àna òun rà wà nílé mi, pé mo kàn gbé e pamọ́ láti fi òun ṣeré ni. Kò sí ẹ́ńjìnì kankan nílé mi! Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ta ló gbà mí gbọ́?

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọmọ Òṣogbo ni mí, mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní pólì, iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ló sì gbé mi wá sí Port Harcourt ní ohun tó lé lógún ọdún sẹ́yìn. Ojú mi kì í rẹ́rìn-ín. Ì báà jẹ́ irọ́ ni mò ń pa, ì báà jẹ́ òótọ́, ojú kan náà ni, bí ojú ẹni tó ń ka ìwé ìsìnkú. Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ ìyàwó mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Wọn kì í dọ̀bálẹ̀ ní Okrika, ni wọ́n bá ń pariwo pé kí n dìde. N kò dìde. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní èmi ni kí wọ́n fún. Láti ọjọ́ náà, n kì í dé ilé yẹn kí n má dá àpárá. Mo ti sọ fún un rí pé ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lórí ẹja tó bá gùn ju apá èèyàn lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń gé ìrù ẹja.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ wá kú pátápátá, mo ṣèlérí níwájú gbogbo ẹbí pé èmi ni n ó ra tuntun. Ìyàwó mi dá owó kún tèmi. A fẹnu kò pé ọ̀dọ̀ àwọn tí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnì náà fọwọ́ sí ni kí n lọ, lápá Trans-Amadi, kí wọ́n fún wa ní wárántì, ìwé tó sọ pé bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, ọrùn wọn ló wà. Mo dé ibẹ̀ lóòótọ́. Mo béèrè iye rẹ̀. Mo jáde, mo wọ kéké, mo ní kó gbé mi lọ sí ọjà Mile One. Èmi tí mo mọ inú ẹ́ńjìnì bí ẹni mọ inú àpò ṣòkòtò rẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?

Ọkùnrin tó ń tà á ti ń pè mí ní "Chairman" kí n tó rí ibi jókòó sí. Ó ní ohun kan náà ni, ọkọ̀ òkun kan náà ló kó wọn wá, pé torí òun kì í san owó ilé ńlá lòun ṣe lè tà á ní ìdajì. Ó fi àwọ̀n tuntun kan ṣe ènì. Mo ní wárántì ńkọ́? Ó fa bébà kan yọ, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó wá bi mí pé, "Chairman, one year abi two?" Ẹ̀yin ará, níbo ni wọ́n ti ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí n ti sá. Mo ní ọdún méjì.

Owó tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Mo fi ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, mo purọ́ fún ìyàwó mi pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti fún mi ní àjẹmọ́nú. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé mi lọ rà á, ní ṣọ́ọ̀bù gidi, nítorí náà wárántì tẹlifíṣọ̀n náà pé pérépéré. Kò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí títí a fi tà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ́ńjìnì Bàbá fi ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín omi, ó dákẹ́. Omi ń fà lọ lọ́sàn-án náà, ó sì ń gbé bàbá arúgbó lọ tààrà sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ elépo ńláńlá ń gbà. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀kan gùn ún mọ́lẹ̀ kí àwọn apẹja kan tó fi okùn fà á wá sílé. Mo sáré dé Okrika. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ ṣì ń ro omi. Ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"In-law! You get me this time! Oya, bring the correct one."

Mo dọ̀bálẹ̀. Tòótọ́tòótọ́ ni mo dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú omi lójú. Mo ní, "Papa, na Mile One I buy am. E no get another one."

Ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn, ó ké sí àwọn ará ilé: "Una come o! E don lie down again, e wan snore!"

Gbogbo ilé tú jáde wá wò mí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Mo gbé ẹ́ńjìnì náà padà sí Mile One. Ọkùnrin yẹn ṣí i, ó yọjú sínú rẹ̀, ó mi orí bíi dókítà. "Chairman, water don touch am. Warranty no cover water."

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi! Mo bi í bóyá orí igi ló fẹ́ kí àna mi ti máa pẹja. Ó ní kí n ka ẹ̀yìn ìwé náà, pé ó wà níbẹ̀. Mo yí i padà. Ìkéde ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì kan ló wà níbẹ̀.

Mo tú u fúnra mi, mo tún un dì, kò jí. Mo wá fi ìtìjú gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí mo sá fún ní Trans-Amadi. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan ló wà ní kóńtà. Ó wo nọ́mbà tó wà lára ẹ́ńjìnì náà títí, ó ní, "Sà, ìdérí yìí tiwa ni. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n rí." Mo ní ṣé wọ́n lè bá mi tún un ṣe, n ó sanwó. Ó ní kò sí ẹ̀yà kankan lọ́dọ̀ àwọn tó lè bá a mu. "Ta ló tú u, sà?" Mo ní èmi ni, mo kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Pẹ̀lẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. A ta tẹlifíṣọ̀n náà, ṣùgbọ́n iye ẹ́ńjìnì gidi ti fò sókè, ọwọ́ wa kò tó o mọ́. Ó lọ ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ ní èdè wọn. Bàbá ní àánú ọmọ òun ṣe òun, pé mo ti kọ́ ọmọ náà ní eré burúkú tèmi. Ìyàwó mi délé, ó ní, "Na your mouth spoil am, na your mouth go repair am." Láti ìgbà náà, "good morning" nìkan ló kù láàárín wa.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi lé e bá lóòótọ́, àwọn èèyàn ló ní kí òtítọ́ padà sílé. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ra ẹ́ńjìnì, àwọ̀n tàbí ìwọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dínwó fọ́ yín lójú. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé bí omi bá kàn án ńkọ́, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ ó rí ẹni dì mú ní ọjọ́ tó bá bàjẹ́.

Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni irú mi ṣe ń sọ òótọ́ tí wọ́n á fi gbà á? Ìyàwó mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé bóyá bí Bàbá bá rí i nínú ìwé, yóò gbà. Mo ti kọ ọ́ báyìí, àfi pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, Bàbá kò sì gbọ́ Yorùbá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ, tí ẹ sì ń kọjá lápá Okrika, ẹ dákun, bí ẹ bá rí arúgbó kan tó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé kó gba èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ rà. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ mi.