Àwọn Tó Ń Dárúkọ Ọmọ Màmá

Èmi, màmá onísùtánà kan àti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì la jọ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìbà lọ sí Okokomaiko. Ojú mi wà níta, etí mi wà lọ́dọ̀ wọn.

"Wọn ò tíì sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n, màámi."

"Kí ló tún kù? Ṣebí o ti rí bí èèyàn ṣe lè fi ìmọ́lẹ̀ dá ojúlówó epo pupa mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú."

"Ìyẹn nìkan ò tó. Wọ́n fẹ́ káwọn èèyàn máa dárúkọ mi nínú ìwé ìwádìí tiwọn, ní Jámánì, ní Japan, níbi tí mi ò dé rí."

"Àwọn tí o kò mọ̀?"

"Mi ò mọ ìkankan nínú wọn. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó."

Màmá sún mọ́ ọn.

"Wòlíì wa ríran lọ́dún tó kọjá pé àwọn kan ń dárúkọ rẹ níbi tí o kò sí. Mo gba ààwẹ̀ lé e lórí, pé kí ahọ́n wọn lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu."

Ọmọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Láti ọdún tó kọjá, màámi, ẹnì kankan ò dárúkọ mi mọ́."

Màmá rọra fọwọ́ gbá a nítan. "Àdúrà ti gbà nìyẹn."